Àpótí Àlejò

Ọjọ́ tí wọ́n mú bàbá mi lọ sí súkúù l'Ápákè,
olùkọ́ wo ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá,
ó ní, "Láti òní lọ, Kléópà lorúkọ rẹ."
Ìyá bàbá mi, aláró Masifa,
tó fi ọwọ́ dúdú bí ewé ẹ̀lú di ọmọ lápá mú,
tún orúkọ náà pè, kó má baà jábọ́ lọ́nà:
"Kìléópà."
"Rárá o, màmá. Klé."
"Kìlé."
Àwọn ọmọ ojú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín.
Ọ̀kan ní, "Kí ló pa á?"
Ìyá àgbà ò fèsì. Ó tún gèlè wé,
ó gba ọ̀nà Tákìé lọ sílé,
orúkọ ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta nínú agbè.
Nílé, Àlàmú ló ń pè é.

Ogójì ọdún kọjá. Bàbá mi náà di olùkọ́,
ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ò bẹ̀ ẹ́ ní Látìn.
Ó sọ fún mi nígbà kan
pé ọ̀rọ̀ tó ti Gíríìkì wọ Róòmù,
tó rìn títí tó fi di súkúù lẹ́nu wa,
ìsinmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ilé tó ti wá.
Mo wo àpá ẹgba ní ojúgun rẹ̀.
Àwa méjèèjì dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lábẹ́ igi máńgòrò,
ìwé lórí itan, láńtánnì lẹ́bàá ẹsẹ̀,
ó pariwo débi pé adìẹ jí lórí ẹ̀ka.
Ó ti rí wọn!
Àwọn ará Róòmù ìgbàanì,
àwọn tó la títì káàkiri ayé, tó kọ òfin sára idẹ,
nígbà tí wọ́n yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gíríìkì,
ahọ́n wọn lọ́!
Akọni tí Gíríìkì ń pè ní Hẹ́ráklẹ́ẹ̀sì,
Hẹ́kúlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n pè é.
Oníṣègùn Asklẹpíọ́ọ̀sì wọ ìlú wọn tán,
ó di Eskuláápíọ́ọ̀sì.
Drákmà, owó fàdákà, ẹnu àwọn àgbà wọn ní drákúmà.
Níbikíbi tí lẹ́tà méjì bá ti há mọ́ra,
ú kékeré kan a yọ́ wọ àárín wọn.

Ó gun kẹ̀kẹ́ lóru náà lọ bá ìyá rẹ̀.
"Ìyá mi, àwọn ará Róòmù náà ò lè pè é!"
Ìyá àgbà ń ká aṣọ. "Àwọn wo nìyẹn?"
"Àwọn tó ni ayé nígbà kan rí."
Ó ká aṣọ kan sí i. Ó ní,
"Ta ló sọ pé wọn ò lè pè é?
Àlejò tó rin ọ̀nà jíjìn, tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ,
ṣé wàá ní kó nàró títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni?
Àpótí ni mo gbé fún un lọ́jọ́ yẹn.
Olùkọ́ yín ni ò mọ̀."

Bàbá máa ń rojọ́ yìí, a sì fi tirẹ̀ lé e:
Gíríìkì fi sì ti ilẹ̀kùn orúkọ,
Róòmù gbà á, wọ́n tún fi sì tì í,
ó dé ọ̀dọ̀ wa, a yọ ìkọ́ rẹ̀ dànù.
Yorùbá kì í ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀.
Wo Pétérù. Wo Títù. Gbayawu ni wọ́n ṣí sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.
Ràímì agbẹ́kùúta fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí:
"Kléópà ni àbí Kìléópà?
Èyí tó wà nínú ìwé ò ní ì."
Mo ní kó fi ì sí i.
Ó ka lẹ́tà lórí ìka, ó tún un kà,
ó ní owó lé.
Mo san án.